Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Raliatou wọ ilé ọkọ ní Adjamé, kò fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ Taïrou rí. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀ o. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ó sì ti wà nílé, ó ń rá kiri àgbàlá pẹ̀lú ikun nímú, kí ìyàwó tuntun tó dé. Ẹni tó bá sì ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì hu eyín, ọkọ ni. Bí àwọn ará Èjìgbò ṣe gbé àṣà yìí wá sí Abidjan nìyẹn, tí wọn kò jẹ́ kó já bọ́ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tó wúlò jù ú lọ sẹ́yìn.

Ìyàwó ni yóò wá orúkọ tó dùn ún pè fún irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Raliatou rí ọmọ náà tó ń fi èédú kọ jágajàga sára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé mi." Orúkọ náà mọ́ ọn lórí. Ìyá ọmọ náà, Fausiatou, ti kú kí ọmọ tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí náà Raliatou ló ń wẹ̀ fún Akọ̀wé, òun ló ń pọ̀n ọ́n, òun ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àárín orí rẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á kúnlẹ̀ fún un: "Ẹ kú àárọ̀ o, Akọ̀wé." Ọkọ tó ń kúnlẹ̀ fún yìí náà ni yóò tọ̀ sí i lẹ́yìn kí ọ̀sán tó pọ́n.

Lọ́jọ́ kan ọmọ náà pè é ní "Maman". Ìyá Mùkàrámà, àbúrò bàbá Taïrou lóbìnrin, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀gá ọlọ́pàá àṣà nínú ẹbí náà, gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ni Maman? Ìyàwó rẹ nìyẹn. Ìyá rẹ ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ."

Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní "Ìyàwó". Raliatou wọ ilé ìdáná lọ, ó jókòó, ó ń gé àlùbọ́sà tí ẹnikẹ́ni kò ní kó gé.

Ayé yí. Yacouba, ọkọ Raliatou, kú. Opó rẹ̀ kò kúrò nínú ilé ẹbí náà, ó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ọjà Roxy. Ìyá Mùkàrámà kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Yopougon, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé ẹbí tí kì í wá, tó bá sì ń bá àwọn ìyàwó kéékèèké wí, ohun tí yóò sọ ni pé, "Ẹ wo Raliatou. Ṣé ẹ gbọ́ ọ rí kó pe ọkọ kankan lórúkọ nínú ilé yìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Raliatou nínú, n kò ní parọ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí kò bí ọmọ kankan fún un, ó ní láti ní nǹkan kan tí wọ́n ń kí i fún.

Akọ̀wé náà di akọ̀wé lóòótọ́. Ó kàwé kàwé, ó di ọ̀gá àwọn tó ń gba kọ̀ǹténà jáde fún ilé-iṣẹ́ kan ní èbúté Abidjan, ó gba ilé sí Biétry létí ọ̀sà, ó fẹ́ Kadidja, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Lẹ́yìn náà ni ogun 2002 dé, tó gé orílẹ̀-èdè sí méjì. Ọjà tó ń gba Abidjan lọ sí Mali àti Burkina wá ọ̀nà mìíràn gbà, ilé-iṣẹ́ náà sì lé èèyàn rẹpẹtẹ. Nígbà tó fi máa di 2008, ọjà ti padà, ṣùgbọ́n wọn kò pe àwọn tí wọ́n lé. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ni wọ́n kó lé Taïrou lórí, wọ́n fún un ní fóònù kejì, wọ́n ní káre. Iṣẹ́ ni òògùn ìṣẹ́, gbogbo wa la kọ ọ́ nílé ìwé. Ẹni tó ṣe orin yẹn kò sọ ohun tí í ṣe òògùn iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Tí ẹbí bá sì bi í pé, "Taïrou, ṣé dáadáa ni?" á ní, "A dúpẹ́, ça va." Inú gbogbo wọn á dùn. A máa ń béèrè àlàáfíà ara wa bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí i.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kadidja wá bá Raliatou ní Roxy ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láàárín àwọn tó ń ru ẹrù kọjá tí wọ́n ń kígbe "Pardon! Pardon!" Treichville ni wọ́n bí Kadidja sí; Yorùbá yé e kanlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ẹnu rẹ̀, á máa tiro.

"Tantie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo Taïrou. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, il reste dans la voiture. Ó máa páàkì sí abẹ́ igi, ó máa pa ọkọ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ó máa jókòó síbẹ̀ báyìí." Ó gbé iwájú orí lé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ láti fi hàn án. "Èmi máa wà ní fèrèsé, mo máa wò ó. Ọmọ máa ní, 'Papa ti dé,' mo máa ní, 'Pas encore, kò tíì dé.'"

"Ṣé ẹ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà?"

"A lọ. Docteur ní ara ò ṣe nǹkan kan. Ó ní ọkàn ló rẹ̀, c'est la dépression. Ó ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan, kó sinmi. Taïrou rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Èmi? Sinmi kẹ̀?'"

Ọ̀rọ̀ Faransé dókítà kò yé Raliatou tán, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú Kadidja sì yé e. Ó ní òun á wá ní ọjọ́ Sunday.

Ó jí ní kùtù, ó rin ewùrà, ó dín ọ̀jọ̀jọ̀, èyí tí Akọ̀wé fẹ́ràn láti kékeré, ó wé e sínú ìwé àti aṣọ kí ó má baà tutù. Ní Biétry, ó bá ọkùnrin náà ní pálọ̀, àwọn fóònù méjèèjì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ajá tó ń gbó. Ó ti rù. Ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ ní ọrùn.  Ohun tí Raliatou mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe: ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí ilẹ̀ dídán náà, ó ń kí i.

"Ẹ kú ilé o, Akọ̀wé mi. Òpó ilé wa! Ẹni tí gbogbo wa fẹ̀yìn tì! Èyí tí Ọlọ́run fi rọ́pò Yacouba fún wa, ẹ ò ní yẹ̀, ẹ ò ní ṣubú."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń rí i tí ọkùnrin náà ń nà ró. Ó gbé èjìká sókè, ó ti ẹ̀wù bọ inú ṣòkòtò, ó fi ẹnu nìkan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dìde, Ìyàwó, ẹ dìde. A dúpẹ́. Tout va bien. Iṣẹ́ ló kàn pọ̀ díẹ̀."

Ó jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ kan, ó yìn ín, fóònù dún, ó wọ yàrá lọ. Raliatou padà sí Adjamé tòun ti ìdùnnú. Ó ní òun ti fún un lókun. Ó tilẹ̀ ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì. Bí ènìyàn bá máa ṣìṣe, á kọ́kọ́ dà bí ẹni tó ṣe oore.

Ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán, Kadidja pè é. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Tantie, bí ẹ ṣe lọ báyìí ló wọ bàtà, ó padà sí port. Ọjọ́ Sunday! Mo di ilẹ̀kùn mú, mo ní kó má lọ. Ó ní, 'Ṣé o ò rí obìnrin yẹn ni? Ẹni tó fọ ìdí mi, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní èmi ni òpó. Báwo ni òpó á ṣe sọ pé ó rẹ òun?'" "Ní òru, ó bi mí bóyá èmi àti ọmọ máa lè ṣe é tí òun ò bá sí mọ́. Mo ní, 'Tu vas où? Níbo lo ń lọ?' Ó yíjú sí ògiri. Tantie, ẹ̀rù ń bà mí."

Raliatou gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀. Oníbàárà kan ń béèrè síìpù dúdú, ó ń nawọ́ sí i, Raliatou kò rí i. Eékún rẹ̀ méjèèjì ló ń wò lábẹ́ aṣọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti kanlẹ̀ ni ẹ̀yìn ọmọ náà máa ń le gan-an bí igi, láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Ọmọ tí wọ́n bá ń kúnlẹ̀ fún kì í sunkún lójú ẹni tó ń kúnlẹ̀. Èèyàn púpọ̀ ló di ẹrù lé Taïrou lórí, àwọn ọ̀gá rẹ̀, àwọn oníbàárà láti Bamako, gbogbo ẹbí. Òun Raliatou náà sì ti gbé tirẹ̀ lé e, ó tún fi oríkì dì í kó má baà jábọ́.

Ó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà á. Èyí kéré lójú ẹni tí kò gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iyì kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, "Ẹ wo Raliatou", òun náà ló sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ nù. Ó tú àtẹ rẹ̀ palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú tirẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì tó gba orí afárá kọjá sí Treichville, ó wọ táksí wôrô-wôrô láti ibẹ̀ lọ sí Biétry. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lórí ọ̀sà. Kò kọrin.

Ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ igi furúntù nínú àgbàlá. Ó rí orí Taïrou lórí ìdarí ọkọ̀. Lókè, aṣọ fèrèsé kan mì, Kadidja ló wà níbẹ̀. Raliatou rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fi ìka kan gíláàsì. Ọkùnrin náà ta gìrì, ó gbé ojú sókè, nígbà tó rí ẹni tó jẹ́, ó sáré nu ojú rẹ̀, ó ń fà táì rẹ̀ sókè.

Eékún Raliatou ti ń tẹ̀ fúnra wọn. Ó dá wọn dúró. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ tó ṣòro jù tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn, ó ṣòro ju ìsìnkú ọkọ rẹ̀ lọ. Ó rìn yí iwájú ọkọ̀ ká, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé, ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Taïrou."

Gbogbo ayé ló ń pè é ní Taïrou. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń pè é, àwọn aṣọ́bodè ń pè é, Kadidja ń pè é. Ṣùgbọ́n ohùn tó wẹ̀ fún un, tó pọ̀n ọ́n, tó mú un sùn, kò pè é rí. Ó yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn.

"Ìyàwó, kí lẹ…"

"Taïrou, ọmọ mi. Ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

Ẹnu rẹ̀ ṣí láti sọ pé a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ó bú sẹ́kún, ẹkún ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ti ń sun ún, tó ń jáde ní gígé-gígé bí òsúkè. Raliatou fà á mọ́ra. Ọkọ̀ náà kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀, ohun kan ń gún un ní ìhà, kò bìkítà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àárín orí rẹ̀, ó ń rà á, ní ibi kan náà tó ti máa ń rà á. Irun ti ń tán níbẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí," ló ń wí. "Ó ti rẹ̀ mí, ó ti rẹ̀ mí. Tí fóònù bá dún, àyà mi á dì. Tí kò bá dún, á tún dì. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ máa sáré wá bá mi, mi ò ní nǹkan kan nínú tí mo lè fún un, même pas un sourire, ẹ̀rín lásán pàápàá. Mo máa jókòó síbí, mo máa rò ó pé tí mi ò bá sọ̀ kalẹ̀ mọ́ rárá…"

"Mo gbọ́."

"Mo tì yín lójú."

"Ta ló sọ fún ọ? Nígbà tí o ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn, o ò tì mí lójú. Ẹkún ló máa wá tì mí lójú?"

Ó rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ẹ̀rín kékeré tó dún nímú. Àwọn fóònù méjèèjì dún lẹ́ẹ̀kan náà níwájú wọn. Ara rẹ̀ le. Raliatou nawọ́ kó wọn, ó dì wọ́n sí etí ìró rẹ̀ bí ó ti máa ń di owó ọjà, ó sì fi wọ́n há ìbàdí. Wọ́n ń gbọ̀n níbẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n.

"Dókítà ní oṣù kan. Ṣé wàá sinmi?"

"Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Wọ́n lè lé ọ, n kò mọ̀. Mo mọ̀ pé kọ̀ǹténà yóò wà ní èbúté lẹ́yìn gbogbo wa. Ìwọ ni mi ò ní méjì rẹ."

 Taïrou mi orí, bẹ́ẹ̀ ni, bí ọmọ tí wọ́n bi bóyá yóò mu oògùn. Nígbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kadidja ti sọ̀ kalẹ̀ wá, ó dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn láìwọ bàtà.

Báyìí ni ọ̀gá èbúté ṣe di ẹni tó ń wá jókòó ní àgbàlá Raliatou ní Adjamé láràárọ̀, tí Kadidja bá ń lọ síbi iṣẹ́. Dókítà ń rí i, ó ń lo oògùn tí wọ́n fún un, ìyókù ọjọ́ á wá wà ní ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn, orí ẹní ni yóò sùn sí títí ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọjọ́ mìíràn, kò ní sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Raliatou gbé agolo bọ́tìnnì rẹ̀ síwájú rẹ̀, èyí tí gbogbo àwọ̀ ti dàrú mọ́ra wọn, ó ní kó bá òun ṣà á. Taïrou tó ń kó ọkọ̀ ojú omi lódidi sílẹ̀ ń ṣa bọ́tìnnì pupa sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bọ́tìnnì kì í pe ènìyàn lórí fóònù. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá o. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n tí Raliatou bá bi í ní àárọ̀ pé báwo ni, kì í sọ pé a dúpẹ́ mọ́. Á ní, "Ó burú díẹ̀ lónìí," tàbí, "Mo sùn." Raliatou á sì dúpẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Friday kan, lẹ́yìn Jímọ̀, Raliatou wà ní ilé ìdáná, ó ń dín dòdò tí wọ́n ń pè ní alóko níbẹ̀. Taïrou wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn agolo rẹ̀. Raliatou kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti wọ ẹnu ọ̀nà, ó kàn na ọrùn láti ojú fèrèsé, ó kígbe:

"Taïrou! Taïrou o! Wá jẹun!"

"Raliatou!"

Ó mọ ohùn náà kó tó yíjú. Ìyá Mùkàrámà dúró láàárín àgbàlá, ó fi ìborùn funfun borí, ó gbé ọ̀pá sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Ṣé etí mi ni, àbí ẹnu rẹ?"

Raliatou jáde tòun ti ṣíbí gígùn lọ́wọ́, òróró ń kán lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn. "Ẹnu mi ni, Ìyá. Ẹ dárí jì mí."

"Ọkọ rẹ lò ń pè bí ẹni ń pe ọmọ? Ìwọ? Ìwọ tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù?"

"Ẹ má fi mí ṣe é mọ́, Ìyá. Tí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa fún yín, mo gbà." Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ó rẹ ọmọ náà. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fẹ́ fi wá sílẹ̀. Akọ̀wé ò lè sọ ọ́, gbogbo wa la ń wò ó lójú. Taïrou ló lè sọ ọ́. Bí mo bá ṣẹ̀, ẹ lù mí. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, mà á tún pè é."

Ìyá àgbà náà fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Ó rìn kọjá lára rẹ̀ dé igun ilé, ó yọjú sẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó padà wá. Nígbà tó padà, ó wá àpótí kan jókòó lé, ó gbé ọ̀pá lé itan, ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

"Ó ti rù," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Fausiatou máa ń pè é báyẹn. Láti inú ilé ìdáná yìí náà. Ọmọ ò tíì lè rìn, kò lè wá, síbẹ̀ á máa pè é wá jẹun." Ó ń wo fèrèsé ilé ìdáná bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn yọrí níbẹ̀. "Mo ti gbàgbé. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò gbọ́ ọ mọ́ nínú ilé yìí. Èmi ni mi ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Alóko ti ń jóná. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, kò sẹ́ni tó dìde.

"Dìde nílẹ̀," ni Ìyá Mùkàrámà wí. "Tún un pè."

Raliatou dìde. Ó kọjú sí ẹ̀yìn ilé.

"Taïrou o!"

Wọ́n gbọ́ ìró bọ́tìnnì tó ń dà padà sínú agolo.

"Mò ń bọ̀, Maman."